Kí Ló Wà Nínú Ẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Oògùn Ikọ́, Ọ̀fìnkìn àti Àlẹ́jì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ ní Ṣágámù lọ́jọ́ ìpàdé wọn nìyí. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ò jẹ́ káwọn tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn gbọ́ nkan gidi, ni wọ́n bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ káwọn lè máa fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, títí kan ibi tí wọ́n ti dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́. Kí n tó sọ nkankan, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe: èmi kì í ṣe dókítà. Mo mọ̀ pé "dókítà" lẹ ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń jẹ́ ẹ, torí tí mo bá ní n máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà a ò ní rajà tà. Apòògùn ni mí. Dókítà ló ń wo àìsàn, èmi oògùn ni mo kọ́: ohun tó wà nínú ẹ̀, ibi tó ń gbà lọ tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì, àti oògùn tí ò gbọdọ̀ bá òmíì pàdé nínú ikùn kan náà.

Ẹ jẹ́ n bi yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra gàárì, gàárì Ìjẹ̀bú o, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe? Gbogbo wọn ló pariwo pé "a ó tọ́ ọ wò!" Ẹ ṣeun. Ẹ ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ẹ ó wò ó bóyá ó kan dáadáa, ẹ ó fi ọwọ́ pa á bóyá ó gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta obì, ṣé ẹ lè sanwó apẹ̀rẹ̀ kan láìṣí ewé ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó? Wọ́n ní ká má rí i. Àmọ́ tó bá di oògùn ọ̀fìnkìn, ìyá yìí kan náà tí ò lè ra kóńgò gàárì kan láìtọ́ ọ wò, á na owó sí mi láti ìta, á ní "ẹ fún mi ní oògùn káta tó le", ó ti parí nìyẹn. Kò bi mí kí ló wà nínú ẹ̀. Àwòrán orí páálí ló ń rà, ìpolówó orí rédíò ló ń rà. Nkan tí mo wá bá yín sọ lónìí ò ju pé kẹ́ ẹ máa tọ́ oògùn náà wò bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́ gàárì, àmọ́ ojú lẹ máa fi tọ́ ọ o, kì í ṣe ẹnu.

Kí ni ọ̀fìnkìn gan-an? Kòkòrò tójú ò lè rí ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, wọ́n sì ju 200 oríṣi lọ. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè ṣe ọ̀fìnkìn lóṣù yìí kẹ́ ẹ tún ṣe òmíì lóṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe pé ti àkọ́kọ́ ò lọ, ẹbí ẹ̀ míì ló dé. Kò sí oògùn kankan lórí àtẹ mi tó ń pa wọ́n, kò sì sí lórí àtẹ ẹlòmíì. Ara yín fúnra ẹ̀ ló ń lé e lọ, láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ikọ́ tó bá gbẹ̀yìn ẹ̀ sì lè fà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dákẹ́. Gbogbo nkan tí mò ń tà, ìyà ẹ̀ ló ń dín kù, kẹ́ ẹ lè rí oorun sùn, kẹ́ ẹ lè dé ọjà. Torí náà ẹ má bi mí pé èwo ló le jù. Ẹ bi ara yín pé kí ló ń yọ yín lẹ́nu jù nínú ẹ̀. Ṣé orí tó ń fọ́ ni, àbí imú tó dí, àbí ikọ́ tí ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Èyí tó bá ń yọ yín lẹ́nu jù lẹ máa ra oògùn fún. Ìjẹ̀bú ni wá, Rẹ́mọ ni wá, a kì í sanwó iṣẹ́ tá ò gbé fún èèyàn.

Ìyá kan lọ́wọ́ ọ̀tún ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tòun ti di àwọ̀ ewé, pé ó ti wọnú nìyẹn, kápúsù pupa-òun-yẹ́lò nìkan ló máa ń ká a. Mo ní rárá, ìyá mi. Àwọ̀ ewé yẹn, àwọn ọmọ ogun ara yín tó ń jà ló ń fà á, kò túmọ̀ sí pé ẹ nílò kápúsù. Bakitéríà, irú kòkòrò mí-ìn tó yàtọ̀, ni kápúsù yẹn ń pa, ọwọ́ ẹ̀ ò ká fáírọ́ọ̀sì rárá, tẹ́ ẹ bá sì ń fi ṣe ọ̀fìnkìn lọ́dọọdún, ọjọ́ tí bakitéríà gidi bá dé, á ti mọ oògùn náà tán, á kàn máa wò ó níran ni. Ìyá náà ò gbà fún mi o, mo rí i lójú ẹ̀. Kò burú.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ ni parasitámọ́ọ̀lù, torí pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a sì rò pé kò lè ṣe wá ní nkankan. Oògùn tó dáa ni, òun ni mo máa kọ́kọ́ fún ẹni tórí ń fọ́ tí ara ń ro. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ó máa ń wọ aṣọ onírúurú. Ẹ yí páálí oògùn ọ̀fìnkìn èyíkéyìí sẹ́yìn, ẹ ka lẹ́tà wínníwínní yẹn, tójú ò bá ríran ẹ jẹ́ ọmọ bá yín kà á: nínú èyí tó pọ̀ jù, parasitámọ́ọ̀lù 500 mg ló máa wà níbẹ̀, wọ́n á wá fi nkan kékeré méjì mí-ìn kún un. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò jù mí lọ. Èèyàn lo oògùn ọ̀fìnkìn méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó di mẹ́fà. Orí tún ń fọ́ ọ, ó wá lo parasitámọ́ọ̀lù funfun lásán méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, ó di mẹ́wàá. Nígbà tó dalẹ́, ara ń ro ó, ọkọ ẹ̀ fún un ní méjì nínú èyí tí wọ́n kọ "extra" sí lára, tó jẹ́ parasitámọ́ọ̀lù àti kafíìnì náà ni. Méjìlá! Mẹ́jọ ni àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó sì gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́rin, mẹ́fà ló tiẹ̀ dáa jù, kó tó lo òmíì. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà ẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í sì í pariwo, ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kẹ́ni náà tó mọ̀ pé nkan ti bàjẹ́. Ẹni tó bá wá lọ òde òwàmbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó mutí dáadáa, kó tún ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan ní Alábùkún ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká bú Alábùkún o, ọmọ Ìkòròdú tó wà lẹ́bàá wa níbí ló ṣe é, Jacob Odulate, ní Abẹ́òkúta, láti 1918, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò: ásípírìn àti kafíìnì ló wà nínú ẹ̀. Ásípírìn ò dáa fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ó lè dá ásímà sílẹ̀ fáwọn kan tó ní in, a kì í sì í fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16, pàápàá nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wà lára ẹ̀, torí àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Reye's tó máa ń kọlu ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ wọn. Torí náà ẹ má pín páálí kan láàárín ìyá àti ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ ń ṣe é.

Imú dídí. Nínú èyí tí wọ́n ń gbé mì, tẹ́ ẹ bá rí phenylephrine lẹ́yìn páálí, ẹ jẹ́ n sọ nkan tó ṣẹlẹ̀ fún yín: ní September 2023, ìgbìmọ̀ tó ń gba FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn jókòó lé e lórí, gbogbo wọn pátá fẹnu kò pé téèyàn bá gbé e mì kì í ṣí imú, ìgbà tó di November 2024, FDA ní àwọn fẹ́ kó kúrò nínú oògùn imú dídí tí wọ́n ń gbé mì. Kò pa ẹnikẹ́ni o, kò kàn ṣiṣẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ó ṣì kún àtẹ wa fọ́fọ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni pseudoephedrine, àmọ́ ó máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó má fọwọ́ kàn án.

Èyí tí wọ́n ń kán sí imú ńkọ́, bíi xylometazoline àti oxymetazoline, iná ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ imú ti là. Ọjọ́ mẹ́ta, ó pọ̀ tán márùn-ún, kẹ́ ẹ jù ú nù. Èmi gan-an tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọyẹ́ mú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kán an, mo kán an títí ó fi di oṣù kẹta. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ o! Ìwé ni mo kà lé e lórí. Àmọ́ bó bá ti ń kúrò lára, inú imú á tún wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò wá lè sùn láìkán an, ìgò kékeré yẹn máa ń wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi bí ìgbà tí wọ́n fi mí sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fi ẹnu mí kí n tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ní báyìí omi iyọ̀ ni mò ń lò, ìyẹn èyí tí wọ́n ti ṣe sínú ìgò ní fámásì, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kò gba èèyàn lẹ́rú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Robb sínú ihò imú ọmọ, ẹ dákun. Ara ìta ni Robb ń lò, àyà àti ẹ̀yìn, tí ọmọ ò bá sì tíì pé ọdún méjì kò kàn án rárá. Kámfọ̀ wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, májèlé ni tó bá wọ ikùn. Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ń lá a fún ikọ́, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ wa nírú ẹ̀?

Ó wá ku ikọ́, òun ló ń mú owó wọlé fún mi jù, kí n má purọ́ fún yín. Oríṣi méjì ni ká kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀: ikọ́ gbígbẹ tó kàn ń yún ọ̀nà ọ̀fun, àti èyí tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Dextromethorphan ń pa ikọ́ gbígbẹ lẹ́nu mọ́. Guaifenesin, bromhexine, ambroxol, àwọn yẹn iṣẹ́ tiwọn ni kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rọ̀ kó lè jáde. Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe oògùn, ìgò wà tí wọ́n kó méjèèjì sí pọ̀, ọ̀kan ń sọ pé "jáde", èkejì ń sọ pé "dákẹ́ síbẹ̀". Ṣé ẹ ti rí ẹlẹ́ṣin kan l'Ójúde Ọba tó ń fi kẹ́sẹ́ gún ẹṣin ẹ̀, tó sì ń fa ìjánu lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹṣin náà á kàn máa jó lójú kan ni. Kí n tiẹ̀ sọ òótọ́ tí ò ní bá ọjà mi mu, ẹ̀rí tó dúró dáadáa pé àwọn ìgò yìí ń ṣe nkan ńlá fún ikọ́ ọ̀fìnkìn ò pọ̀. Oyin ojúlówó, ṣíbí kan nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sùn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ń tu ọ̀fun lára, ìwádìí ti gbè é lẹ́yìn fáwọn ọmọdé tó ti lé ní ọdún kan. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin, torí irú kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tó ń sọ iṣan ọmọ jòjòló di aláìlágbára.

Àwọn ọmọkùnrin kan ṣì máa ń wá béèrè "èyí àtijọ́" lọ́wọ́ mi, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Kodíìnì ni wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ 1 May 2018 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n má ṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé mọ́, nígbà tó ti di nkan tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu bí ọtí. Tẹ́nìkan bá yọ ọ́ jáde fún yín lábẹ́ tábìlì, ẹ rìn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá kan. Oṣù mẹ́rin ló fi ń ra oògùn ikọ́ káàkiri kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ikọ́ gbígbẹ, lálẹ́ ló máa ń burú jù, ó ti mu ìgò tí ò mọye, ó ti jẹ orógbó, ó ti mu àgbo, wọ́n ti ní ayé ló ń ṣe é. Mo ní kó kó gbogbo oògùn ilé ẹ̀ wá. Nígbà tó kó o dé, mo rí lisinopril láàárín wọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún un lọ́sibítù, ó sì ku díẹ̀ kó pé oṣù márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Oògùn náà dáa o, àmọ́ òun àtàwọn ẹbí ẹ̀ tí orúkọ wọn parí sí "pril" máa ń mú àwọn kan húkọ́ gbígbẹ tí sírọ́ọ̀pù kankan ò lè wò. Mi ò ní kó dá a dúró fúnra ẹ̀, ẹ gbọ́ o, mo kọ ìwé lé e lọ́wọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún un. Kò tó oṣù kan ikọ́ lọ. Ayé ò sì mọ nkankan sí i.

Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ní tiwa níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tíbì, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀, ọsibítù ńlá OOUTH wà ní Ṣágámù níbí. Ẹni tó ń rù, tó ń làágùn lóru, tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ tí egungun ìhà ń wọlé tó bá ń mí, ẹ gbé e sáré. Tí ara bá sì gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà kẹ́ ẹ tó pè é lọ́fìnkìn.

Lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, mi ò ní ṣàwàdà. Láti ìparí 2008 wọ 2009, oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín pa ọmọ 84 nílẹ̀ wa. Ní 2022, oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn olómi ní Gáḿbíà, bí ọmọ 70. Nkan kan náà ni, diethylene glycol, kẹ́míkà ilé iṣẹ́ tó dùn lẹ́nu bíi ṣúgà, tó wọnú oògùn níbi tí nkan mí-ìn tó mọ́ ló yẹ kó wà, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìyá àwọn ọmọ yẹn ò ṣe nkankan tó burú, eyín tó ń yọ ọmọ lẹ́nu tàbí ikọ́ ni wọ́n fẹ́ wò. Torí ẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kẹ́ ẹ má sì ra oògùn ọmọ lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì ní intaṣéńjì. Ní Ìlú Ọba, wọn ò ní kí wọ́n fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́fà ní irú oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tá à ń rà lórí àtẹ yìí rárá. Èmi náà kì í tà á. Tẹ́ ẹ bá sì ń wọn parasitámọ́ọ̀lù olómi fún ọmọ, ìdérí tàbí síríńjì tó bá a wá lẹ máa lò, kì í ṣe ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń ro ìkọ́kọrẹ́.

Àlẹ́jì, kíá. Ẹni tó bá ń sín láti aago márùn-ún ìdájí, tí ojú ń yún un, tí imú ẹ̀ ń ṣomi bí omi ẹ̀rọ, tí ara ẹ̀ ò gbóná, tó sì jẹ́ pé ọdọọdún tí ọyẹ́ bá dé ló ń ṣe é, ọ̀fìnkìn kọ́ nìyẹn. Eruku ni, tàbí èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn, tàbí aáyán. Lẹ́yìn Ojúde Ọba, tí eruku ẹsẹ̀ ẹṣin àti èéfín ìbọn bá ti ká gbogbo wa mọ́, ṣọ́ọ̀bù mi máa ń kún. Piriton la máa ń sáré sí, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kunni lóorun. Ọlọ́kadà kan lò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé èrò, ó sùn lórí máṣíìnì, kòtò ló jí i. Loratadine tàbí cetirizine 10 mg, ẹyọ kan lójúmọ́, loratadine kì í sábà kunni, cetirizine lè kun àwọn kan díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ń lọ síbi tí eruku wà, ẹ lò ó kẹ́ ẹ tó jáde. Àwọn bàbá tí ìtọ̀ ń ṣòro fún, kí wọ́n yàgò fún Piriton.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan wá bá mi nídìí tábìlì, ó tú ìdí ìró ẹ̀, ó mú nylọ́ọ̀nù kékeré kan jáde. Ó ní wọ́n pa á pọ̀ fún òun níbì kan fún ọ̀fìnkìn, òun ti lo méjì nínú ẹ̀, ẹ bá òun tọ́ ọ wò bẹ́ ẹ ṣe wí. A dà á sórí ìwé. Parasitámọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, funfun kan, èyí tó ní àwọ̀ kan. Piriton wà níbẹ̀. Fítámì C. Kápúsù alápá méjì. Ó wá ku ẹyọ kékeré funfun kan tó fara pamọ́ sábẹ́ gbogbo wọn, mo yí i padà, mo rí àmì ara ẹ̀: dẹsamẹ́tásónì. Mo bi í bóyá ó ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà nìkan ni. Mo ní màmá, eléyìí á gbé ṣúgà yín gun òkè àjà. Ó wo nylọ́ọ̀nù náà, ó wò mí, ó wá fohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá wọ́n á dá owó òun padà tóun bá kó ìyókù lọ fún wọn.